Okùn Mítà 13: Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Àwọn Ọmọ Ilé Ìwé ní Ìtàn Kangaroos

Okùn kan ni ẹ ó fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Kangaroos, ikọ̀ rọ́gbì líìgì Ọsirélíà: sẹ̀ǹtímítà 10 dúró fún ọdún kan láti 1895, aṣọ àwọ̀ ewé sì dúró fún ìgbà tí wọ́n gba Ashes, ife tí àwọn àti Bìrìtéènì jọ ń dù. Láàárín mítà 2.5 àti mítà 5.5 lórí okùn yìí, ẹ ò ní rí aṣọ àwọ̀ ewé kankan. Mítà 3 gbáko, òfìfo ni. Ọdún 30 nìyẹn, láti 1920 sí 1950, tí ikọ̀ Ọsirélíà, tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá nínú rọ́gbì líìgì lónìí, kò fi rí ife Ashes gbà lọ́wọ́ àwọn ará Bìrìtéènì. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín yóò mọ bí ọdún 30 ṣe gùn tó. Èyí tó kàn rí "1920–1950" lójú pátákó yóò dà á kọ, yóò sì gbàgbé.

Olùkọ́ eré ìdárayá ní Ilé-Ifẹ̀ tó ní ọmọ 20 sí 26, láti JSS 2 lọ sókè, lè ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ̀sán mẹ́ta, wákàtí kọ̀ọ̀kan, láìnáwó púpọ̀. Bí ẹ bá rí àyè ní pápá Sports Centre OAU, ó dára bẹ́ẹ̀. Pápá bọ́ọ̀lù tó pé ìwọ̀n, mítà 105 sí 68, fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti rọ́gbì líìgì dọ́gba: mítà 100 láti ìlà góòlù kan sí èkejì, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà 68. Pápá ilé ìwé tó kéré jù bẹ́ẹ̀ náà tó, nítorí àyè mítà 40 sí 25 péré ni eré wa máa gbà.

Rọ́gbì méjì ló wà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ènìyàn 15 ń gbá ni ọ̀pọ̀ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Tiwa níbí ni ti ènìyàn 13. Bí ọmọ kan bá béèrè All Blacks, ikọ̀ New Zealand ti ènìyàn 15, ẹ sọ fún un pé ilé kejì ni wọ́n ń gbé.

Ohun tí ẹ máa wá

Okùn mítà 15 kan, tó nípọn bí ọmọńdinrín ọwọ́. Mítà 13 ni ìtàn máa gbà, mítà kọ̀ọ̀kan tó ṣẹ́kù ní orí méjèèjì ni ẹ ó fi so ó mọ́ igi tàbí òpó góòlù. Okùn náílọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù lọ́jà, kò sì burú, àmọ́ ó máa ń fà. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n nílẹ̀ nígbà tó dẹ̀, tí ẹ wá fà á le lórí pápá, gbogbo ọdún ni yóò ti kúrò lójú ibi tí ẹ fi í sí. Ẹ kọ́kọ́ so ó le láàárín igi méjì, kí ẹ tó mú téèpù.

Téèpù télọ̀ tó. Ojú kan rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, ojú kejì jẹ́ íǹṣì 60, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Bí ọmọ bá dojú téèpù dé tó fi íǹṣì 10 ṣe ọdún kan, okùn mítà 13 á tán ní 1946, Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ kò sì tíì wáyé rárá. Ẹ fi bírò fa àmì sí ojú sẹ̀ǹtímítà kí ẹ tó gbé téèpù lé ọmọ lọ́wọ́.

Aṣọ: ẹ lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ẹ tọrọ àjákù. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 20 ní gígùn, 3 ní fífẹ̀. Àwọ̀ ewé 8, fún mélòó kan lára ife Ashes tí Ọsirélíà gbà. Àwọ̀ ìyeyè 12, fún Ife Àgbáyé tí wọ́n gbà. Funfun 8, fún ìgbà tí nǹkan kò rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Pupa 6, fún ìgbà tí òfin eré yí padà. Àdìrẹ 2, a ó dé ibẹ̀. Aṣọ ni kí wọ́n so yí okùn ká o, kí wọ́n má ṣe ta okùn fúnra rẹ̀ ní kókó. Kókó kan lè gbé sẹ̀ǹtímítà 5 mì, kókó 36 á sì gbé ọdún 18 mì láìsí ẹni tó mọ̀.

Bọ́ọ̀lù rọ́gbì méjì, nọ́ńbà 4 fún àwọn ọmọ JSS, nọ́ńbà 5 fún àwọn àgbà. Fèrè, aago, ike omi 12 tí a rọ iyanrìn sí nídìí kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Eérú gárawa kan láti fa ìlà: kí ó ti tutù pátápátá, kí ẹ sì wọ́n omi díẹ̀ sí i nígbà ọyẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú àwọn ọmọ ni yóò lọ. Ẹ má lo ẹfun ìkunlé tí wọn kò tíì pò, ó máa ń jó ara. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín bí ẹ bá sọ fún wọn pé eérú náà ni ìtumọ̀ Ashes.

Kíka ọdún kò le. 1895 ni òdo. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni ọdún kan. Ẹ yọ 1895 kúrò nínú ọdún tí ẹ ń wá, ẹ fi òdo kan sí ìdí èyí tó ṣẹ́kù: 1950 á fún yín ní 55, ojú 550 ni aṣọ rẹ̀ ń lọ. Ife Àgbáyé 2021 nìkan ló máa ń ru wọ́n lójú, nítorí àrùn Kòrónà sún un sí 2022. Ibi tí wọ́n ti gbá a ni kí ẹ so ó sí, 12.7, kì í ṣe orúkọ tó ń jẹ́.

Ọ̀sán kìíní: òdo sí mítà 5.5

Ní òdo, aṣọ pupa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, 1895, ní hòtẹ́ẹ̀lì George ní Huddersfield, àwọn kíláàbù àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yapa kúrò lábẹ́ àwọn aláṣẹ rọ́gbì. Owó ló fà á. Awakùsà àti òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ni agbábọ́ọ̀lù wọn, àwọn aláṣẹ sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ dípò iṣẹ́ tó pa jẹ. Ẹ bi àwọn ọmọ: bí káfíńtà kan ní Lágere bá ti ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé nítorí bọ́ọ̀lù, ta ni yóò fún un lówó ọbẹ̀?

Ní 1.1, pupa kejì. Ní 1906 wọ́n dín 15 kù sí 13. Ẹ má ṣàlàyé. Ẹ to ọmọ 15 sórí ìlà mítà 34, kí ọmọ kan tó yára gbìyànjú láti sá kọjá láàárín wọn láìsí ẹni tó fọwọ́ méjèèjì kàn án. Ẹ yọ méjì kúrò, kí àwọn tó kù tún àyè pín, kó tún sá. Láàárín ènìyàn méjì, mítà 2.3 ló di 2.6. Ó kéré létí, ẹsẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n mú yíyí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn wọlé, òun sì ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ wọn dáadáa nítorí gbogbo eré tó kù dúró lé e lórí. Ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ méjèèjì kàn dúró lójú ibẹ̀, ó kọjú sí ìlà góòlù ọ̀tá, ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn, ẹnì kan gbé e. Àṣìṣe mẹ́ta ni ẹ ó rí: wọ́n á sún síwájú díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ tì í, wọ́n á gbá a bí ẹni gbá bọ́ọ̀lù, yóò sì fò kọjá ẹni tó dúró lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú 10, méjì-méjì, láìsí ọ̀tá. Ẹ má kọjá ibẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ní 1907 ni ọ̀rọ̀ dé Sydney, ọ̀rọ̀ owó náà sì ni. Alex Burdon, agbábọ́ọ̀lù kan níbẹ̀, fara pa, kò sí ẹni tó san owó ìtọ́jú tàbí owó iṣẹ́ tó pa jẹ. Ní oṣù Kẹjọ wọ́n dá líìgì tiwọn sílẹ̀. Ìlúmọ̀ọ́ká wọn, Dally Messenger, bá ikọ̀ New Zealand tí Albert Baskerville kó jọ rìnrìn àjò lọ sí Bìrìtéènì. Eré àkọ́kọ́ tí Ọsirélíà gbá gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè wáyé ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, 1908. New Zealand nà wọ́n, 11 sí 10. Nítorí náà aṣọ funfun ni àwọn ọ̀gá ayé fi bẹ̀rẹ̀, ní 1.3. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn wọ́n ta ọ̀mì 22 sí 22 ní London, lórí ìrìn àjò tí wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ́ Kangaroos.

Nǹkan méjì tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń sọ gba òdì. Títí di 1994, ikọ̀ tó bá rìnrìn àjò lọ sí Bìrìtéènì àti Faransé nìkan ló ń jẹ́ Kangaroos. Èyí tó bá gbá nílé, Ọsirélíà lásán ni. Èkejì, 1928 ni wọ́n kọ́kọ́ wọ àwọ̀ ewé àti wúrà nínú eré Test, ìyẹn eré orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ẹ má wọ aṣọ àwọ̀ ewé fún ọmọ tó ń ṣe Ọsirélíà 1914.

Ẹ so àwọ̀ ewé àkọ́kọ́ sí 1.7, fún ìrìn àjò 1911–12 tí Chris McKivat jẹ́ balógun. Ará New Zealand wà nínú ikọ̀ náà o. Ẹ rántí rẹ̀ dé 1963.

Ní 1.9, eré. Oṣù Keje 1914, Sydney: àwọn ará Bìrìtéènì fara pa títí ó fi ku 10 lórí pápá, nítorí kò sí ìpààrọ̀ nígbà yẹn. Harold Wagstaff ni balógun wọn. Wọ́n sì borí, 14 sí 6. Ẹ fi 8 kojú 8 ní àyè mítà 40 sí 25. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 4, ẹ yọ méjì kúrò nínú ikọ̀ tó ń jáwé olúborí, kí àwọn mẹ́fà tó kù gbìyànjú láti dá ikọ̀ kejì dúró fún ìṣẹ́jú 4 mìíràn. Ẹni mẹ́fà náà á kọ́kọ́ tú ká. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n sún mọ́ ara wọn láti àárín, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, kí ìlà eérú máa bá wọn gbèjà.

Àwọ̀ ewé ní 2.5, fún 1920. Lẹ́yìn náà ni kí gbogbo wọn rin mítà 3 òfìfo yẹn, láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀sán kejì: mítà 5.5 sí 8.8

Ọjọ́ 22 oṣù Keje, 1950, pápá Sydney Cricket Ground, ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ron Roberts gba tíráì kan, ìyẹn ni pé ó gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà góòlù ọ̀tá, Ọsirélíà borí ní 5 sí 2, ìyà ọdún 30 sì tán. Bí òjò bá ti rọ̀ ní Ifẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ má sun iṣẹ́ síwájú, àyàfi bí mànàmáná bá wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá a nínú ẹrẹ̀. Ìsọ gígùn á máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, kò ní pẹ́ tí wọn ó fi máa fún ara wọn ní bọ́ọ̀lù láti ìtòsí.

Ẹ lọ sídìí pátákó fún ìṣirò báyìí, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ní Swinton, oṣù Kọkànlá 1963, Ọsirélíà fi 50 sí 12 na Bìrìtéènì. Tíráì 12, góòlù 7 (bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹsẹ̀ gbá kọjá láàárín òpó, àmì 2 ni ọ̀kan). Ọmọ tó mọ̀ pé tíráì kan jẹ́ àmì 4 á ṣe ìṣirò tirẹ̀: 48 àti 14, 62. Á ní irọ́ ni tíṣà ń pa. Òun kọ́ ló ṣìnà. Títí di 1983, àmì 3 ni tíráì: 36 àti 14, 50. Aṣọ pupa 8.8 ló wà fún ìyẹn. Ẹ tún gbé 1950 àti àṣekágbá Ife Àgbáyé 2017 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: 5 sí 2, àti 6 sí 0 tí wọ́n fi na England ní Brisbane. Nínú méjèèjì, tíráì kan àti góòlù kan ṣoṣo ni Ọsirélíà rí. Iye kan náà ni, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Ẹni tó bá ń fi àmì ọdún kan wé ti òmíràn láìwo aṣọ pupa ń fi kóńgò ọjà kan wọn ti ọjà mìíràn.

Ikọ̀ 1963 yẹn, ní 6.8, ni ikọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ará Ọsirélíà pátá tó gba Ashes nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Arthur Summons ló darí wọn, Reg Gasnier sì wà nínú wọn.

Ẹ fún eré tó kàn ní ìdajì wákàtí, òun ló dùn jù, òun náà ló kọ́ wọn jù. Láti 1906 títí dé nǹkan bí 1966, ikọ̀ tó bá gbé bọ́ọ̀lù lè máa gbé e lọ títí yóò fi jábọ́ lọ́wọ́ wọn, iye ìgbà yòówù tí wọ́n ìbáà mú wọn. Ẹ fi 8 kojú 8, ẹ má ka ìgbámú. Ní ìṣẹ́jú 4, ikọ̀ kan lè má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rárá. Wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, àwọn mìíràn á jókòó sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn, ìkùnsínú yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Kíláàbù St George gba líìgì Sydney ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá léraléra lábẹ́ òfin yẹn, 1956 sí 1966.

Lẹ́yìn náà, òfin 1967, aṣọ pupa ní 7.2: ìgbámú 4, kí bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹ ka ìgbámú sókè. Bí ẹ bá ti dé "mẹ́ta" ni ìpayà á bẹ̀rẹ̀, wọn á máa gbá bọ́ọ̀lù sókè láìwo ibi tó ń lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́ òfin yìí ni okùn St George já. Níkẹyìn, òfin 1971, pupa ní 7.6: ìgbámú 6. Ẹ ó rí i pé ara wọn á balẹ̀: mẹ́ta àkọ́kọ́ fún gbígbé e síwájú, méjì fún wíwá àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkẹfà fún gbígbá a lọ sẹ́yìn ọ̀tá. Ẹ má sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ohun tó máa ń ba eré yìí jẹ́ ni rẹfirí tó gbàgbé iye, nítorí náà ẹ yan ọmọ kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kíkà lọ.

Àwọ̀ ìyeyè bẹ̀rẹ̀ ní 6.2: 1957, 1968, 1970, 1975, 1977. Funfun wà láàárín wọn, nítorí Bìrìtéènì gba ti 1954, 1960 àti 1972. Ọ̀mì 10 sí 10 ni ti 1972, tí wọ́n fi iṣẹ́ ìpele ìṣáájú dájọ́ rẹ̀. Ojú 7.5 ní aṣọ méjì: ní 1970 Bìrìtéènì gba Ashes, Ọsirélíà sì gba Ife Àgbáyé. Ìgbà yẹn ni Bìrìtéènì gba Ashes kẹ́yìn. Àwọ̀ ewé 7.8, fún 1973, ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ má so gbogbo wọn, okùn á di òdòdó.

Ọ̀sán kẹta: títí dé orí okùn

Ní 8.5, àdìrẹ àkọ́kọ́, nítorí kì í ṣe eré orílẹ̀-èdè. Ní 1980 ni State of Origin bẹ̀rẹ̀: agbábọ́ọ̀lù padà sí ìpínlẹ̀ tó ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, Queensland ń kojú New South Wales. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló mú Ọsirélíà le bẹ́ẹ̀, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ nàka sí. Ẹni tó bá ti la Origin já ti rí eré tó le ju ọ̀pọ̀ Test lọ.

8.7, ọdún 1982: ikọ̀ tí Max Krilich jẹ́ balógun, tí Frank Stanton jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, gbá eré 22 ní Bìrìtéènì àti Faransé, wọ́n sì borí nínú gbogbo wọn. Kò sí ikọ̀ Kangaroos tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. Test àkọ́kọ́ ní Hull parí ní 40 sí 4: tíráì 8, góòlù 8, Mal Meninga ló gbá gbogbo góòlù náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra wọn. Ti 1986, ní 9.1, pẹ̀lú Wally Lewis, kò pàdánù eré kankan náà.

Ohun tó yà àwọn ará Bìrìtéènì lẹ́nu ni bí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù kò ṣe dá wà rí. Ẹ ṣe é báyìí: ọmọ kan gbé bọ́ọ̀lù, mẹ́ta ń sáré tẹ̀ lé e, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ọ̀kan gbọnrangandan lẹ́yìn, mítà 2 sí 3 sí i. Ọ̀tá méjì dúró ní mítà 10 níwájú. Kí ó tó di pé wọ́n fọwọ́ kàn án, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo: ìtara mú olùtẹ̀lé kọjá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, ìsọ á sì di ti iwájú, rẹfirí á fun fèrè. Àgbà ló ń wo ẹ̀yìn bó bá ṣubú. Nínú eré yìí, ọmọdé náà gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn.

Pupa ìkẹyìn, 9.8: ní 1993, mítà 5 tí olùgbèjà ń fà sẹ́yìn lẹ́yìn ìgbámú di 10. Ẹ gbá a ní ìṣẹ́jú 3 pẹ̀lú 5, ìṣẹ́jú 3 pẹ̀lú 10. Àwọn olùgbèjà á mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ fún wọn lómi.

Àwọ̀ ìyeyè tó kù: 1988, 1992, 1995, 2000, 2013, 2017, 2022. Ẹ dúró díẹ̀ ní 10.0. Ní 1995 ìjà Super League, líìgì tuntun tó ń bá ti àtijọ́ figagbága, ti pín eré sí méjì nílé, wọ́n sì fi àwọn tó lọ sọ́dọ̀ Super League sílẹ̀. Àwọn tó kù lọ sí Wembley, wọ́n na England ní 16 sí 8. Láti funfun 7.7 dé funfun 11.3, tí í ṣe 2008 nígbà tí New Zealand fi 34 sí 20 nà wọ́n ní Brisbane, mítà 3.6 ni, kò sì sí ẹlòmíràn tó gba Ife Àgbáyé láàárín rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n rìn ín bí wọ́n ṣe rin mítà 3 ọjọ́ kìíní.

Ojú 12.4 ni 2019. Funfun níbẹ̀, nítorí Tonga fi 16 sí 12 na Ọsirélíà ní Auckland. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àdìrẹ kejì: ọdún yẹn kan náà, ní pápá Teslim Balogun ní Èkó, ikọ̀ rọ́gbì líìgì Nàìjíríà gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn, Morocco ni wọ́n nà ní àṣekágbá. Àwọn ọmọ á fẹ́ fọwọ́ kan èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Ìyeyè 12.7, Samoa, 30 sí 10 ní Old Trafford: ìkejìlá nìyẹn. Àwọ̀ ewé ìkẹyìn, 13.0, Ashes 2025 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́ta sí òdo.

Bí ẹ bá ń tú okùn, ẹ ká a mọ́ igi kan láti orí 2025 wá, kí òdo lè wà lókè nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ lò ó. Bí ó bá tutù, ẹ sá a kí ẹ tó ká a, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aṣọ pupa á ṣí sára funfun. Kí ẹ má sì gé mítà kan tó ṣẹ́kù lórí. Ọsirélíà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló gba àlejò Ife Àgbáyé 2026, 13.1 ni aṣọ rẹ̀ máa wà, ẹ tọ́jú ìyeyè kan àti funfun kan sínú àpò.